Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi ń dá Màámi lẹ́bi nítorí bátìrì

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti jókòó kọ ọ́ tí mo tún pa á rẹ́, torí bí mo bá máa kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ka ẹ̀sùn sí ìyá mi lẹ́sẹ̀ lórí nǹkan tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ẹ̀. Àmọ́ mo ti wá rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni mò ń ṣe irú ẹ̀ sáwọn òbí wa nílé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n gbé e síta.

Tábúlẹ́ẹ̀tì ni mo rà fún Màámi. Tuntun ni o, ojú mi ni wọ́n ṣe já ọ̀rá ara páálí ẹ̀. Fóònù ọwọ́ wọn ti kéré jù fún ojú wọn, tí wọ́n bá fẹ́ ka Bíbélì lórí ẹ̀ wọ́n á gbé e sún mọ́ imú, wọ́n á tún gbé e jìnnà, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester náà sì ń sọ pé àwọn ọmọ òun fẹ́ máa rí ojú ìyá àgbà dáadáa tí wọ́n bá ń pè wọ́n ní fídíò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dáwó jọ. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé bátìrì 7000 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà sínú nìyẹn) ló wà nínú ẹ̀, pé ó máa lo wákàtí 10. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ mi n'Ìbàdàn kí n tó gbé e lọ fún wọn, mo fi Bíbélì Yorùbá sí i, mo fi WhatsApp sí i, mo sọ lẹ́tà ẹ̀ di ńlá, mo ki síìmù bọ̀ ọ́, tí mo bá sì ṣáàjì ẹ̀ láàárọ̀, títí tí mo fi máa sùn lálẹ́ ó ṣì máa ń ku bí ìdajì. Inú mi dùn sí i gan-an.

Ọjọ́ kẹta tó dé ọwọ́ Màámi ni wọ́n pè mí. "Àbẹ̀kẹ́, nǹkan yìí ti kú o." Àyà mi já. Mo ní kí ló ṣe é, ṣé ó já bọ́ ni? Wọ́n ní rárá, iná inú ẹ̀ ló tán, pé ìrọ̀lẹ́ àná ni àwọn gbà á lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ tó ń bá àwọn ṣáàjì ẹ̀, ó sì kún nígbà tí àwọn gbà á.

Lọ́wọ́ mi ó ń pẹ́, lọ́wọ́ wọn kì í pẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rò ó, torí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi wà. Ẹ̀rọ kan náà ni. Síìmù kan náà ni. Ṣájà kan náà ni. Lọ́wọ́ mi n'Ìbàdàn, ó ń lo ọjọ́ kan gbáko, iná sì tún ń kù nínú ẹ̀, lọ́wọ́ Màámi ní abúlé wa lẹ́yìn Òkehò, kì í rí ọ̀sán ọjọ́ kejì. Tí gbogbo nǹkan bá jẹ́ ọ̀kan náà, tó jẹ́ ọwọ́ nìkan ló yàtọ̀, kí lẹ fẹ́ kéèyàn rò? Mo ní ọwọ́ ni. Mo ní Màámi ń lò ó láìmọ̀, pé wọ́n ń ṣí fídíò sílẹ̀, pé wọn kì í pa ojú ẹ̀, pé àwọn ọmọ àdúgbò ń wá fi gbá géèmù.

Mo kọ́kọ́ pe ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní Dùgbẹ̀. Ohun tó bi mí ni pé ṣé a ṣáàjì ẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Àmọ̀ràn wákàtí mẹ́jọ yẹn, bóyá la rẹ́ni tí ò tíì gbọ́ ọ rí nínú wa. Màámi tẹ̀ lé e, wọ́n sanwó fún onígbàjámọ̀ kó fi sílẹ̀ lẹ́nu jẹnẹrétọ̀ títí tó fi máa pa ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò yí nǹkan kan padà. Ìgbà tó yá ni mo wá kà á pé ọ̀rọ̀ bátìrì àtijọ́ tí wọ́n ń fi nickel ṣe ni ìyẹn. Lithium ni ti ìsinsìnyí, Sony ló kọ́kọ́ gbé e wọ ọjà lọ́dún 1991, tó bá sì ti kún, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ á dáwọ́ dúró, kò sí ohun tí wákàtí mẹ́jọ fẹ́ fi kún un, kódà kó kún fọ́fọ́ kó tún wà nínú ooru fún ìgbà pípẹ́ ló ń gé ẹ̀mí ẹ̀ kúrú. Àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn bí i, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019, ẹni ọdún 97 sì ni Goodenough nígbà yẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màámi, ọjọ́ orí bàbá yẹn nìkan ni wọ́n mú nínú gbogbo àlàyé mi, wọ́n ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé ẹni ọdún 97, ẹni ọdún 97, wọ́n sì ní kí Ọlọ́run ṣe é fún àwọn náà.

Bí wákàtí mẹ́jọ kò ṣe ṣiṣẹ́, Màámi ló kù. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín fídíò wíwò kù, tẹ́ ẹ bá ti lò ó tán ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó pajú dé." Wọ́n dá mi lóhùn: "Àbẹ̀kẹ́, mi ò wo nǹkan kan o. Mo pa á, mo gbé e lé orí Bíbélì, mo sùn. Ìgbà tí mo jí, ó ti rù." Ó ti rù, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá rù. Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta wọ́n tún sọ pé ó máa ń gbóná lóru, mo ní kí wọ́n yéé gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Wọn ò gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí rí.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, òun náà pè wọ́n láti Manchester, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún bá wọn sọ. Ọmọ méjì wá dojú kọ ìyá kan. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Tiwa tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, torí ẹjọ́ kan ṣoṣo tá a gbọ́ yẹn, páálí ló rò ó fún wa, kì í ṣe èèyàn.

Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọn ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Mo rò pé ó ti dáa. Àṣé wọ́n ti pa á pátápátá, wọ́n fi ìborùn wé e, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí aṣọ, wọ́n padà sídìí fóònù kékeré. Wọ́n ní kí n má bàa máa bínú ni.

Òru ọjọ́ yẹn

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo wá lọ sílé. Mo gbé páwà báǹkì ńlá kan dání, mo ṣáàjì tábúlẹ́ẹ̀tì náà fúnra mi títí ó fi kún. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo fi ojú ara mi rí 100. Màámi ti fi ka Sáàmù alẹ́ wọn tán, wọ́n wá fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ra kó má fọ́, ojú ẹ̀ pa, ni wọ́n bá yí i sọ́dọ̀ mi kí n lè rí i pé ó pa. Ìyẹn dùn mí lẹ́yìn náà ju gbogbo nǹkan tó kù lọ, pé wọ́n yí i sọ́dọ̀ mi. Wọ́n gbé e lé orí Bíbélì bébà wọn, lórí àpótí ìjókòó kékeré tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì wọn àti ẹní tí mo tẹ́ sílẹ̀. A sùn.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni ìtọ̀ jí mi. Òkùnkùn biribiri, kò síná, jẹnẹrétọ̀ ẹnì kankan ò dún, àwọn kòkòrò nìkan ló ń ké níta. Bí mo ṣe ń fọwọ́ wá tọ́ọ̀ṣì lórí àpótí yẹn ni ẹ̀yìn ọwọ́ mi kan tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, mo rò pé ọwọ́ mi ló ń tàn mí. Kò tàn mí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ọmọ tó ń sùn.

Mi ò lọ tọ̀ mọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e, mò ń gbọ́ mímí Màámi lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó ń wo fídíò. Kò sí ọmọ àdúgbò kankan. Kò sí lábẹ́ ìrọ̀rí. Ohun kan nínú ẹ̀rọ yẹn ò sùn, ó ń ṣiṣẹ́ agbára nínú òkùnkùn níbi tí kò ti sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ó sì gbóná gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe sọ fún mi láti ọ̀sẹ̀ kẹta pé ó ń gbóná. Mo tàn án, 78 ló kù. Mo pa á. Nígbà tí aago mẹ́fà àárọ̀ tún kọjá ogún ìṣẹ́jú tí mo wò ó, 67. Wákàtí mẹ́sàn-án péré, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án yàtọ̀ sí ìgbà tí èmi tàn án lóru.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ kìíní. Mo lọ sí sẹ́tíǹsì, mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan tó jẹ bátìrì. Orí ẹ̀ pátápátá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì síìmù. Èyí tó tẹ̀ lé e, ibi tó ń kó fọ́tò pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bíbélì, WhatsApp, ojú ẹ̀rọ, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni gbogbo wọn wà, èyí tó jẹ́ ti Màámi gan-an ò tó nǹkan kan.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, wọ́n ń wá gèlè wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́." Wọ́n wò mí fúngbà díẹ̀, wọ́n ní kí n dìde nílẹ̀, pé ilẹ̀ ti tutù. Wọn ò sọ nǹkan míì, wọ́n lọ bọ́ adìyẹ.

Ẹ̀rọ tó ń pariwo lóru

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó bá ti ní síìmù nínú kì í dákẹ́. Bó pajú dé, ó ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ látìgbà dégbà kí òpó lè mọ ibi tó wà, kí ìpè tó bá wọlé lè rí i. Tí òpó bá wà nítòsí, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti tó. Tó bá jìnnà, ó gbọ́dọ̀ gbóhùn sókè. Lórí 4G, ohùn tó ga jù tí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì ń lò jẹ́ 200 mílíwáàtì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá wà lẹ́bàá òpó lè má lò tó mílíwáàtì kan. Ìlọ́po igba nìyẹn, láti sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tó tún ń jáde lẹ́nu èríàlì nìkan ni mo kà yẹn o, èyí tí ẹ̀rọ ń jẹ nínú bátìrì kí ìyẹn tó jáde ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwa tá a ti bá wọn roko rí, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tẹ́ ẹ jọ wà lórí ebè kan náà, ẹ ò ní pariwo kẹ́ ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lódìkejì òkè, ẹ máa fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ni kẹ́ ẹ tó lọgun, tẹ́ ẹ bá sì ń lọgun bẹ́ẹ̀ láti alẹ́ títí di àárọ̀, ohùn yín á há.

Àárín òkè ni abúlé wa wà. Òpó tó sún mọ́ wa jù, ẹ̀yìn òkè ló wà, àpáta ló dí ọ̀nà. Láti ọdún 2001 tí GSM ti dé orílẹ̀-èdè yìí, gbogbo ilé ní abúlé wa ló ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé, tiwa ni ìdí máńgòrò lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ la máa ń lọ dúró sí tá a bá ń retí ìpè. Yàrá Màámi ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Nínú yàrá, igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan á jáde, á tún lọ, kò ní sí nǹkan kan, igi kan á tún yọjú. Èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ìgbà tí kò bá sí nǹkan kan, torí ẹ̀rọ ò ní gbà pé kò sí, á máa wá a kiri, á wá 4G, á wá 3G, á wá 2G, á tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òpó náà ní wàhálà tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn nílẹ̀ yìí ni kò ríná lò tó jẹ́ dísù ló ń gbé e, tí jẹnẹrétọ̀ ìdí ẹ̀ bá kú, gbogbo fóònù àyíká ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun sí òpó tó tún jìnnà sí wọn jùyẹn lọ.

Ohun kan wà tó tún mú kó dá mi lójú nígbà yẹn pé Màámi ló jẹ̀bi. Mo ti kà á pé láti ọdún 2015, láti Android 6, ẹ̀rọ tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ tí ẹnì kan ò fọwọ́ kàn máa ń sùn fúnra ẹ̀, pé àwọn ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ní máa ṣiṣẹ́ kiri mọ́. Òótọ́ ni. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé apá tó ń bá òpó sọ̀rọ̀ ní ọpọlọ tiẹ̀ lọ́tọ̀, oorun yẹn ò kàn án, kò gbọdọ̀ sùn pátápátá, bó bá sùn pátápátá ìpè ò ní wọlé.

Ti fọ́tò ńkọ́? Èmi ni. N'Ìbàdàn, mo tan ibi tó ń kó fọ́tò pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ní kó máa lo dátà torí Màámi ò ní Wi-Fi, kí fọ́tò àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi má bàa sọnù. Mi ò sọ fún wọn. Gbogbo ìgbà tí igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá yọjú nínú yàrá yẹn, á gbìyànjú láti gbé fọ́tò kan lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ, á já, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí Màámi fi tì í mọ́ inú àpótí. Mo sì ń sọ fún Màámi pé kí wọ́n dín fídíò kù.

Mo ṣe ìṣirò ẹ̀. Bátìrì 7000 mAh, tẹ́ ẹ bá fi fóltéèjì 3.85 lù ú, ó jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 27 fún wákàtí kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ tó lọ láàárín wákàtí mẹ́sàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ wáàtì kan gééré láti alẹ́ títí di àárọ̀, bí ẹni tó tan gílóòbù LED kékeré kan sílẹ̀ nínú àpótí tí kò sẹ́ni tó ń rí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo pa fọ́tò yẹn, mo tẹ ibi tí wọ́n ya ọkọ̀ òfurufú sí kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kú pátápátá, mo gbé e lé orí Bíbélì kan náà. 100 nígbà tá a sùn, 98 nígbà tá a jí. Ó tutù, mo jí lóru láti fọwọ́ kàn án.

Ibo ni wọ́n ti ka wákàtí 10 yẹn?

Mi ò sọ pé irọ́ ni wákàtí 10 tó wà lára páálí. Ẹnì kan jókòó kà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó jókòó sí ni kó yé wa. Nínú ilé tí Wi-Fi wà nítòsí ni, tí ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí ooru ò mú, tí wọ́n sì fi fídíò kan sílẹ̀ kó máa lọ. Àwọn tó ń ṣe é gan-an mọ̀ pé ibi téèyàn wà máa ń yí i padà. Apple máa ń kọ ọ́ fún iPad wọn pé wákàtí 10 lórí Wi-Fi, ṣùgbọ́n 9 ni wọ́n ń kọ fún èyí tó bá ń lo dátà síìmù. Wákàtí kan ti lọ nìyẹn, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa o. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, kò sì sẹ́ni tó wo ilé Màámi kó tó sọ bátìrì yẹn ní wákàtí 10.

Ọ̀rọ̀ owó ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lẹ́yìn tí mo padà s'Ìbàdàn. Igba náírà ni onígbàjámọ̀ ń gbà lórí ṣáàjì kan. Mi ò bá a jà, epo ló ń rà sí jẹnẹrétọ̀, gbogbo wa la mọ ohun tójú epo ti rí láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́. Tí a bá fi ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó tì í mọ́ inú àpótí, ₦5,600 ni, ọjọ́ míì sì wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ wá wo tèmi. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwa tó wà ní Band A, ìyẹn àwa tá à ń ríná lò jù, dé ₦225 fún kílówáàtì kan tá a bá lò fún wákàtí kan lóṣù kẹrin ọdún 2024, ariwo tí mo pa lọ́jọ́ náà pọ̀, mo sọ pé wọ́n fẹ́ pa wá ni. Pẹ̀lú iye yẹn náà, kí n ṣáàjì tábúlẹ́ẹ̀tì yìí láti òdo títí á fi kún nílé mi, kò tó náírà 10. Náírà 10 fún èmi tí mò ń gbowó oṣù, igba náírà fún ìyá tó ń ta ẹ̀wà àti elùbọ́. Tí mo bá sì ṣáàjì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Màámi á ṣáàjì lẹ́ẹ̀mejì, torí òkè.

Èyí ni mi ò rí tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa nílé. Mo mọ̀ pé iná ò sí nílé. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo máa ń kà wọ́n, bíi pé ìṣòro méjì ni wọ́n. Mi ò mọ̀ pé ọ̀kan ń jẹ èkejì, pé ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jìnnà sí ń fi iná ra nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pé iná tó ń fi rà á yẹn náà, òun ló ń rà á lówó tó wọ́n jù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún mi báyìí pé àwọn ará oko ò mọ ẹ̀rọ lò, inú mi máa ń ru, torí èmi náà ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ọmọ kan wà ní ilé kejì sí Màámi tó ń múra JAMB. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni gbogbo ìdánwò yẹn wà, wọ́n ní kí àwọn ọmọ lọ máa dánra wò lórí fóònù. Ìdí máńgòrò wa lọmọ náà máa ń wá jókòó sí lọ́sàn-án, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó gbé fóònù dání, ojú ẹ̀ ń lọ sí igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ń lọ sí pásẹ́ńtì bátìrì. Mo wò ó, mo rántí Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Aregbesola pín fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní Ọ̀ṣun lọ́dún 2013. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ẹ̀ nígbà yẹn, mi ò fẹ́ dá a sílẹ̀ níbí. Àmọ́ ohun kan wà nínú ẹ̀ tí mo wá mọyì báyìí: inú ẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ìwé sí, inú ẹ̀ ni ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá wà, ọmọ ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó lè kàwé. Ẹni tó ronú bẹ́ẹ̀ ti wo ilé kó tó sọmọ lórúkọ. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún wa báyìí, gbogbo ẹ̀ ló fẹ́ kó o kọ́kọ́ lọgun sí òpó kó tó jẹ́ kó o ka ojú ìwé kan.

Aago méje alẹ́

Bá a ṣe ń ṣe é báyìí nìyí, bóyá ó máa wúlò fún ẹnì kan. Mo pa fọ́tò tó ń gbé ara ẹ̀ lọ. Mo yọ 4G kúrò, mo fi sí 3G, torí 3G ló dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kó yéé bọ́ sí èyí bọ́ sí tọ̀hún. Bíbélì tó wà nínú ẹ̀, mo rí i dájú pé inú ẹ̀rọ gan-an ló wà, kò nílò dátà. Lójúmọ́, ọkọ̀ òfurufú yẹn ló wà ní títẹ̀. Tó bá di aago méje alẹ́, Màámi á gbé àga wọn lọ sídìí máńgòrò, wọ́n á tẹ ẹ́ kúrò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wọlé, wọ́n á rí iṣẹ́ tá a rán sí wọn, wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á pè mí. Tá a bá ti parí, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ṣáàjì kan ń lò báyìí, nígbà míì ó máa ń wọ ọjọ́ kẹrin. Onígbàjámọ̀ ti bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti rí sólà rà ni.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Fóònù kékeré yẹn ti kú, tábúlẹ́ẹ̀tì yìí nìkan la fi ń rí wọn, láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago méje alẹ́ ọjọ́ kejì, tí nǹkan kan bá ṣe wọ́n, kò sí bí mo ṣe lè pè wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá òjò ńlá rọ̀ ní aago méje, wọn ò lè jáde sídìí máńgòrò, títí ilẹ̀ fi mọ́ ni mò ń yí kiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ń wá owó sólà kékeré báyìí, tó bá wọlé, a ò ní máa pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́, kó máa lọgun bó bá ṣe wù ú.

Alẹ́ àná, aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni ìpè wọlé. Ojú wọn kún inú ẹ̀, ewé máńgòrò wà lẹ́yìn wọn. Mo kí wọn, wọ́n kí mi, wọ́n bi mí ní ọkọ mi àtàwọn ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n ka nọ́ńbà tó wà lókè ẹ̀ fún mi. "Àbẹ̀kẹ́, ó ku mẹ́rìnléláàádọ́ta o." Mi ò bi wọ́n. Mi ò bi wọ́n láti òru ọjọ́ yẹn. Mi ò sì tíì mọ bí mo ṣe máa sọ fún wọn pé kí wọ́n má kà á fún mi mọ́.